Ta Ló Ń Lé Ẹ?

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé kí ni bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ń wá kiri nínú ṣòkòtò péńpé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ní Yoruba Road. Ẹnì kan tilẹ̀ pe ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó yẹ orí mi wò dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn lónìí kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀.

Àwọn àgbà wa ló sọ pé èèyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún; bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ní tèmi, méjèèjì ni.

Inú Sabon Gari yìí ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, bàtà ló ń tà nínú ọjà. Àkàrà ni ìyá mi ń dín lẹ́bàá Fagge. Nílé wa, eré sísá ò jẹ mọ́ ìdárayá rárá. Bí àgbà bá ti ní "ẹ sáré", nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1991, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kánò nígbà yẹn, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún yín. Mo tẹ̀lé Màmá lọ síbi tó ti ń tajà lọ́jọ́ náà, àfi bí ariwo ṣe sọ. Màmá ò dúró gbé agbada epo kúrò lórí iná. Ó gbé àbúrò mi pọ̀n, ó fà mí lọ́wọ́, a bá ẹsẹ̀ wa sọ̀rọ̀. Bàtà mi kan bọ́ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ padà lọ mú un, Màmá fọ́ mi létí.

Télọ̀ Haúsá kan tó máa ń ra àkàrà lọ́wọ́ Màmá láràárọ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó kó wa sínú yàrá ìyàwó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì í, ó ń ránṣọ bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kó tó sìn wá dé ọ̀dọ̀ bàbá mi. Màmá ò tíì dákẹ́ àdúrà fún un títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá kó igbá rẹ̀ wá sínú Sabon Gari, ó sì fi òfin lélẹ̀: ọmọ kankan ò gbọdọ̀ kọjá ráńdábáòtù Bata láìsọ fún àgbà. Èmi pa òfin yẹn mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo pé ọmọ ọdún márùndínlógójì nínú Kánò tí wọ́n bí mi sí, mi ò tíì fi ẹsẹ̀ ara mi gba Kofar Mata wọ ìlú àtijọ́ rí. Mo máa ń wà nínú kèké kọjá, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ̀ kalẹ̀.

Ní 2008, bàbá mi ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù, níbi àga tó ti máa ń jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Rọpárọsẹ̀ ni. Kò jí mọ́. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, àwa náà ò mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn. Èèyàn lè máa gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa jẹ, kó máa sùn, kó máa bá oníbàárà jiyàn lórí igba náírà, títí di ọjọ́ tó máa dá a wólẹ̀.

Mo jogún ṣọ́ọ̀bù, mo sì jogún àga. Nígbà tí iná jó ọjà wa ní 2016, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù lọ sí i, tèmi wà lára wọn. Ẹ̀yin tó kàn mọ̀ bó ṣe rí. Mo yáwó, mo tún bẹ̀rẹ̀, oorun sì dá lójú mi. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn kan wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwa ọlọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì we nǹkan mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wọ̀n. 170 lórí 110. Bẹ́ẹ̀, tó bá ti dé 140 lórí 90 ni wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó bi mí bóyá orí ń fọ́ mi. Mo ní rárá, ara mi le. Ó ní, "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Dókítà fún mi lóògùn. Mo ṣì ń lò ó o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pé mo ń sáré kó wá ju oògùn tirẹ̀ nù. Ó ní kí n dín iyọ̀ àti Maggi kù, kí n sì máa rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárọ̀, láti Yoruba Road dé France Road, kí n tún padà. Nígbà tó yá, ìrìn náà ń yá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo gbìyànjú àtisáré láti òpó iná kan dé èkejì. Mo dúró, mo mí, mo tún sá.

Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lójú títì nídàájí, tó yọjú lójú fèrèsé, tó rí i pé èmi ni mo ń sáré bọ̀, igbe ló fi ta: "Yéè! Kí ló dé? Ìjà ti bẹ́ ni?" Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti jí àwọn ọmọ mi, ó ti ń wá bàtà wọn. Mo ní, "Màmá, kò sí nǹkan kan. Eré ìlera ni." Ó wò mí títí. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, máa rìn."

Ní 2018, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìdómà sọ fún mi pé àwọn asáré kan nígboro Kánò fẹ́ sá half marathon ní ìparí ọdún. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, marathon gan-an jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Níbi eré Olympics tí wọ́n ṣe ní London ní 1908 ni wọ́n ti kọ́kọ́ sá iye yẹn, ní 1921 ló wá di òfin káàkiri ayé. Òun ni wọ́n ń sá nílùú Èkó láti 2016, tí wọ́n fi ń gba orí Third Mainland Bridge. Half marathon ni ìdajì rẹ̀, kìlómítà 21 àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Tẹ́ ẹ bá ń yí pápá ìṣeré po, ẹ máa yí i ju ìgbà méjìléláàádọ́ta lọ. Ọmọ Ethiopia kan, Yomif Kejelcha, sá a ní Valencia lọ́dún 2024 láàárín ìṣẹ́jú 57 àti ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ẹni tó bá ń se ìrẹsì àti ọbẹ̀, ó lè má tíì gbé e sọ̀ kí ọkùnrin yẹn tó parí.

Èmi rò pé ìyára ni gbogbo eré. Eré kúkúrú ló kúkú mọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà lára. Ṣebí Tobi Amusan tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ló sá eré fífo igi ọgọ́rùn-ún mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní 2022, tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Mo ní èmi náà á fi han àwọn ọmọdé wọ̀nyí.

Oṣù Kejìlá ni, ọyẹ́ ń fẹ́ gidi, ètè gbogbo wa ti là. A ò tó ọgọ́ta èèyàn. Kò sẹ́ni tó bá wa dí ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ títì la gbà, àwa àti kèké jọ ń du àyè. Iwájú Sani Abacha Stadium ní Kofar Mata la ti gbéra, a kọjá Kofar Nassarawa, Kofar Dan Agundi, Gadon Kaya, a já sí Kabuga, a gba Gwarzo Road díẹ̀, ká tó yí padà sọ́nà tá a bá wá.

Mo bá àwọn ọmọ ogún ọdún já síwájú. Mo sá kìlómítà márùn-ún àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú 26, mo rò pé mo ti di ọmọ Kenya. Ní kìlómítà kẹwàá, ẹrùpẹ̀ ti kún imú mi. Nígbà tá a padà dé Gadon Kaya, ní kìlómítà kẹẹ̀ẹ́dógún, pajápajá mú ẹsẹ̀ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sórí yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Obìnrin kan tó ń dín kosai níbẹ̀ fún mi lómi, kò gbà kí n sanwó. Kèké ló gbé mi délé. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ló rẹ́rìn-ín.

Mo ti bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìtìjú ni. Nígbà tí mo máa tún jáde lóṣù Kìíní 2019, mo ní kí n forí lé Fagge, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní mọ̀ mí. Mo ń sáré jẹ́jẹ́ lọ ní àdúgbò kan báyìí, bàbá àgbàlagbà kan wà lórí ẹní níwájú ilé rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yí i ká. Bó ṣe rí mi, ó dìde fìrì, ó na ọwọ́ sí mi, ó ń pariwo: "Kai! Wa ya koro ka?" Ta ló lé ẹ wá?

Mo dúró. Mo mọ ohùn yẹn kí n tó mọ ojú ẹni tó ni ín. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní èmi ni ọmọ ìyá aláàkàrà, ọdún 1991. Ó di orí mi mú, ó wò mí sókè, ó wò mí sísàlẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo ti wá rí bàtà kejì báyìí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin ni mí o, ṣùgbọ́n omi jáde lójú mi.

Nígbà tí mo sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń lé mi, ó ní tòun náà ń ru. Mo sọ bí mo ṣe já ara mi kulẹ̀ ní Gadon Kaya. Ó mi orí, ó sọ òwe kan fún mi: "Sannu ba ta hana zuwa." Ìrìn jẹ́jẹ́ kì í dí èèyàn lọ́wọ́ àtidé. Mo ti gbọ́ òwe yẹn ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ nínú ọjà, lẹ́nu àwọn alábàárù àti oníkèké. Lọ́jọ́ yẹn ló tó wọlé sí mi lára.

Bí mo ṣe yí eré mi padà nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń sá a débi tí mo ṣì lè máa sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Ní Sátidé, mo ń fi kìlómítà kan lé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Nígbà Ramadan, èmi àti àwọn tó ń gbààwẹ̀ nínú wa máa ń dúró dìgbà tí wọ́n bá ṣínu tán ká tó jáde lálẹ́. Mo kọ́ láti mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ mí, mo sì kọ́ pé dàbínù mẹ́ta láàárọ̀ dára ju ẹ̀bà ńlá lọ. Nígbà ooru, bí aago mẹ́jọ bá bá yín lójú títì Kánò, ẹ ti pẹ́.

Ní oṣù Kejìlá 2019, a tún pàdé níwájú Stadium. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà. Gbogbo wọn fi mí sílẹ̀, títí kan ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ. Mo ń sọ fún ara mi ṣáá pé sannu, sannu. Ní Gwarzo Road, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀yìn àwọn kan. Nígbà tí mo dé Gadon Kaya, ìyá oníkosai ti ọjọ́sí ṣì wà níbẹ̀. Mo juwọ́ sí i, mo kọjá lọ. Nítòsí Kofar Nassarawa, àwọn ọmọdé kan bá mi sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń pariwo, "Mu je, Baba, mu je!" Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 36 ni mo fi parí. Kò sí mẹ́dàlì kankan. Ike omi kan àti ọsàn méjì ni wọ́n fún wa.

Mo mu omi náà tán, mo wá ronú pé ẹsẹ̀ tó sá kìlómítà 21, kí ló kù tó fẹ́ bẹ̀rù? Mo rìn gba Kofar Mata wọlé. Mo dé ibi kòtò aláró tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ ti di búlúù dé ìgúnpá wo nọ́ńbà tó wà láyà mi, ó ní sannu da kokari. Mo dúró bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Láti ilé wa dé ibẹ̀, kò ju kéèyàn rìn díẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló gbà mí.

Mo ti sá òmíì lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tí mo sá ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa ní 2022, àwọn tó ṣètò rẹ̀ jẹ́ kí oòrùn là ká tó gbéra, omi sì ti tán ní kìlómítà kẹtàlá. Ọmọkùnrin kan láti Zaria ló pín pure water tirẹ̀ sí méjì fún mi. A ò mọ ara wa rí. A jọ sáré dópin ni.

Ẹ̀yin náà rántí ọdún 2025. Àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò lọ sí National Sports Festival ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ọkọ̀ wọn ní jàǹbá nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé. Èèyàn 22 ló lọ, eléré àti àwọn tó tẹ̀lé wọn. Rédíò ló sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi. Yorùbá ni o, Haúsá ni o, Ìgbò ni o, gbogbo ìlà wa dákẹ́. Àwọn ọmọ yẹn gbé orúkọ Kánò lọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Kánò yìí náà ni bàbá mi wá láti ilẹ̀ Yorùbá, tó kú sí. Mi ò mọ ìkankan nínú wọn, àmọ́ mo máa ń yí Stadium yẹn po lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe ká ti kí ara wa rí.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, mo ní màá fi eré náà rántí wọn, kìlómítà kan fún ẹnì kan. Mi ò mọ orúkọ, mò ń kà wọ́n ni: ẹnì kìíní, ẹnì kejì, títí lọ. Kìlómítà 21 ló wà. Nígbà tí mo dópin, ẹnì kan kù. Oníkèké kan dúró, ó ní, "Oga, Sabon Gari?" Mo ní kó máa lọ. Mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé nítorí ẹni yẹn.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà lórí àpótí rẹ̀, ó ti bu omi sínú jọ́ọ̀gì dè mí. Kì í pariwo mọ́. Ó ti di àwàdà láàárín wa báyìí. Ó ní, "Ta ló ń lé ẹ?" Mo ní, "Ó ń lé mi, Màmá, kò bá mi ni." Nígbà tí mo wọn ẹ̀jẹ̀ mi gbẹ̀yìn, 128 lórí 82 ni.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀bẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ dìde lórí àga yẹn. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ara yín le. Ní gbogbo Sátidé, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹ máa rí wa ní Yoruba Road, Yorùbá, Ìdómà, Haúsá àti ọmọ Ìgbò méjì. Ẹni tí kò lè sáré, kó máa rìn bọ̀ lẹ́yìn. A máa dúró dè é. Sannu ba ta hana zuwa.